Rudolf Diesel

Rudolf Christian Karl Diesel (ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1858 – ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1913) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Òun ni ó hùmọ̀ ẹ́ńjìnnì tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní, èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ ojú omi àti jẹnẹrétọ̀ ńlá. Ohun tí a kì í sábà sọ nípa rẹ̀ ni pé kì í ṣe bí epo yóò ṣe gbiná ni ó dà á láàmú jù lọ, bí kò ṣe ọ̀nà tí epo náà yóò gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Ìlú Paris ni a bí Diesel sí, àmọ́ láti Bavaria ní Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ awọ ni baba rẹ̀, Theodor, ń ṣe. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ilẹ̀ Faransé àti Prussia ní ọdún 1870, wọ́n lé àwọn ará Jámánì kúrò ní Paris, ìdílé náà sì ṣí lọ sí London. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Rudolf, ọmọ ọdún 12, ránṣẹ́ sí Augsburg, sọ́dọ̀ ìbátan wọn, Christoph Barnickel, tí ó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò.

Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Munich ní ọdún 1880. Olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni Carl von Linde, gbajúmọ̀ nínú ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó ti gbọ́ pé ẹ̀rọ tí ń fi oru omi ṣiṣẹ́ ń fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru èédú ṣòfò. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ó bá Linde ṣiṣẹ́ ní Paris, ó fẹ́ Martha Flasche ní ọdún 1883, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta.

Ẹ́ńjìnnì náà

Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí yóò mọ̀ pé ara pọ́ǹpù a máa gbóná. Bí a bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa nínú sílíńdà, ooru rẹ̀ yóò tó láti mú kí epo tí a bá fọ́n sí i gbiná fúnra rẹ̀, láìsí pílọ́ọ̀gì. Èyí ni Diesel gbà ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ lé lórí ní Jámánì ní ọdún 1893, nọ́ńbà 67207. Heinrich von Buz, olórí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Augsburg, gbà láti kọ́ ẹ̀rọ náà, ilé iṣẹ́ Krupp sì dá owó sí i.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1893 ni wọ́n kọ́kọ́ fọ́n epo sínú rẹ̀. Ó gbiná lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun èlò ìwọ̀n tí ó wà lórí sílíńdà fi fọ́ yángá. Díẹ̀ ló kù kí ó pa àwọn tí ó wà nítòsí. Diesel rí i pé òótọ́ ni ìmọ̀ràn òun, àmọ́ ẹ̀rọ náà kò lè dá yí. Ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1894 ni ó tó dá ṣiṣẹ́, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan péré.

Ìṣòro tí ó kù le ju èyí lọ. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ti le koko, epo sì gbọ́dọ̀ wọlé sí i ní àsìkò gan-an, ní ìwọ̀n gan-an, kí ó sì fọ́n wẹ́wẹ́ bí ìrì. Kò sí pọ́ǹpù ìgbà náà tí ó lè ṣe é. Diesel wá lo afẹ́fẹ́ mìíràn tí a fún pọ̀ jù ti inú sílíńdà lọ láti fẹ́ epo wọlé. Ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó nílò kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ńlá tí ó wúwo, tí ó sì ń jẹ nínú agbára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1897, Ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter dán ẹ̀rọ náà wò, ó sì rí i pé ó ń sọ ìdá 26.2 nínú ọgọ́rùn-ún ooru epo di iṣẹ́. Kò sí ẹ̀rọ mìíràn nígbà náà tí ó súnmọ́ ọn.

Ìdààmú lọ́wọ́ àwọn oníbàárà

Òkìkí rẹ̀ kàn. Adolphus Busch, olówó tí ń pọn bíà ní Amẹ́ríkà, san mílíọ̀nù kan máàkì fún ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀rọ náà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìṣáná ní Kempten, níbi tí wọ́n gbé èyí àkọ́kọ́ tí a tà lọ. Asẹ́ tí epo ń gbà fọ́n sílẹ̀ ń dí, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń dá iṣẹ́ sílẹ̀, fáàfù ń jò. Àwọn oníṣẹ́ Augsburg ní láti dúró ti ẹ̀rọ náà bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Sùúrù wọn ni ó sọ ìhùmọ̀ náà di ọjà, ó sì yẹ kí a máa dárúkọ Lucian Vogel àti Imanuel Lauster nígbàkígbà tí a bá ń yin Diesel.

Diesel fúnra rẹ̀ kò lè gbà á mọ́ra. Orí fífọ́ àti àárẹ̀ ọkàn gbé e dè ní ọdún 1898. Ó fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀ ní Munich, ó sì pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn kan tún ń ta kò ó pé ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe èyí tí ó kọ sínú ìwé àṣẹ, nítorí pé ó ti yí ọ̀nà tí epo ń gbà jó padà.

Níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ní Paris ní ọdún 1900, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré kan fi òróró ẹ̀pà ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Ìjọba Faransé ni ó béèrè fún un, nítorí ẹ̀pà tí ó pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1912, ọkọ̀ òkun Selandia ti ilẹ̀ Denmark ń fi dísẹ́ẹ̀lì rin ìrìn àjò. Diesel gbìyànjú pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kékeré fún ọkọ̀ akẹ́rù, ṣùgbọ́n kò mówó wọlé.

Ikú rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1913, Diesel wọ ọkọ̀ òkun Dresden láti Antwerp lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó jẹun alẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n jí òun láàárọ̀, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò rí i. Fìlà àti kóòtù rẹ̀ nìkan ni ó wà lókè ọkọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Netherlands rí òkú kan lójú omi. Wọ́n yọ ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀, wọ́n sì dá òkú náà padà sínú òkun. Eugen, ọmọ rẹ̀, jẹ́rìí pé ti baba òun ni àwọn ohun èlò náà. Gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, nítorí náà ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé gbà pé ó pa ara rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní wọ́n pa á ni. Ẹ̀rí tí ó dájú kò sí fún èyíkéyìí.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà wọ ọkọ̀ akẹ́rù nígbà ayé rẹ̀. Prosper L'Orange ní ilé iṣẹ́ Benz ti ń wá bí epo yóò ṣe wọlé láìsí i láti ọdún 1909. Ní àárín ọdún 1923 sí 1924, Benz, Daimler àti MAN gbé ọkọ̀ akẹ́rù oní-dísẹ́ẹ̀lì jáde, Bosch sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pọ́ǹpù tí ń ti epo sí ẹ́ńjìnnì lọ́pọ̀ yanturu ní ọdún 1927.

Epo fúnra rẹ̀ ni ó ń mú kí inú pọ́ǹpù yìí máa yọ̀, nítorí náà omi tàbí ìdọ̀tí díẹ̀ lè bà á jẹ́. Àwọn àmì tí ó da Augsburg láàmú ni mẹkáníìkì ṣì ń kà lára tírélà tí kò lè gun òkè mọ́. Bí èéfín bá dúdú, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: asẹ́ afẹ́fẹ́ lè ti dí, tàbí kí ẹnu tí ń fọ́n epo máa kán an dípò kí ó fọ́n ọn. Bí ó bá funfun, epo ń jáde láìjó, bóyá nítorí pé afẹ́fẹ́ inú sílíńdà kò gbóná tó tàbí pé epo ń pẹ́ wọlé. Bí kò bá sí èéfín rárá, tí agbára sì lọ sílẹ̀, epo kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Asẹ́ epo àti páìpù tí ń fa afẹ́fẹ́ sínú ni mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ó tó fọwọ́ kan pọ́ǹpù.