Jòsáyà Olúnọ́wọ̀ Òṣítẹ̀lú: Ẹni tí ó kó ìjọ lọ sí orí òkè

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹjọ bá ti wọlé, tí òjò dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ọ̀nà ìlú Ògèrè a máa kún fún àwọn aláṣọ funfun. Ẹlòmíràn á gbé ẹní sábẹ́ apá, ẹlòmíràn á di Bíbélì àti ìwé orin mọ́ àpò. Àwọn ọ̀dọ́ a máa bá ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ akọrin wọn rìn, nítorí pé ìsinmi iléèwé ni. Orin, ààwẹ̀ àti àdúrà ni wọ́n ń bá lọ, ní àjọ̀dún ọjọ́ mẹ́tàlá tí a ń pè ní Òkè Taborar. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gun òkè náà kò bá ẹni tí ó dá a sílẹ̀ láyé. Ó tọ́ kí a rántí rẹ̀, kí a sì mọ ohun tí ó ná an.

Ní Ògèrè kan náà ni a bí Jòsáyà Olúnọ́wọ̀ Òṣítẹ̀lú, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, wọn kò sì mọ̀wé. Iléèwé ìjọ C.M.S. ni ó ti rí ẹ̀kọ́ gbà, ibẹ̀ náà ni ó sì ti di onígbàgbọ́. Nígbà tí ó dàgbà, ó di olùkọ́ lábẹ́ ìjọ náà. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀nà tí irú ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́ẹ̀ ń tọ̀ kò fara sin: bí ó bá ṣe dáadáa lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, yóò di katikíìsì, bí ó bá sì tún ṣe dáadáa sí i, a lè fi òróró yàn án sí iṣẹ́ àlùfáà. Ọ̀nà náà ni Òṣítẹ̀lú wà.

Ní òru ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, 1925, ohun tí ó yí ayé rẹ̀ padà ṣẹlẹ̀. Nínú ìran, ó rí ojú ńlá kan ṣoṣo tí ń tàn bí oòrùn. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn ọ̀tá tàbí àwọn àjẹ́ ni wọ́n dojú kọ òun, ó sì wá ìrànlọ́wọ́ káàkiri, títí kan ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Ìsinmi kò dé. Lẹ́yìn náà ni ó bá àgbà onígbàgbọ́ kan pàdé tí a ń pè ní Ṣómóyè. Ọkùnrin yìí gbà á nímọ̀ràn pé kí ó pa oògùn tì, kí ó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, kí ó sì fi ààwẹ̀, àdúrà àti Sáàmù wá ojú Olúwa. Òṣítẹ̀lú gbọ́ràn. Láti ìgbà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ìran àti ohùn tí ó ń gbọ́ sínú ìwé, títí ohun tí ó kọ fi di ìdìpọ̀ ńlá.

Àwọn aláṣẹ ìjọ rẹ̀ kò rí ọ̀ràn náà bí ó ti rí i. Olùkọ́ tí ń rí ìran, tí ń gbààwẹ̀ lemọ́lemọ́, kò bá ìlànà wọn mu. Ní ọdún 1926 wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sí ipò rẹ̀. Owó oṣù ti lọ, ìrètí àtidi àlùfáà ti lọ, ilé ìsìn tí ó tọ́ ọ dàgbà kò sì ní àyè fún un mọ́. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, kò ní ìjọ, kò ní pẹpẹ. Àdúrà àti ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ní. Ní ọdún 1929 ni ó tó jáde láti wàásù ní gbangba.

Kì í ṣe òun nìkan ni ẹ̀fúùfù yìí fẹ́ lù. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó jẹ́ olú ìlú Ẹkùn Ìjẹ̀bú nígbà náà, àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ọdún 1918 ti mú kí àwọn ọmọ ìjọ St. Saviour's kan kó ara wọn jọ fún àdúrà. Joseph Ṣàdárè ni aṣáájú wọn. Ẹgbẹ́ kékeré yẹn ni ọ̀kan lára àwọn orísun tí ìsìn Aládùúrà ti ṣàn jáde ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù Keje, 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà láti ọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ní oṣù kan náà, ní ọjọ́ 27, Òṣítẹ̀lú dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní Ògèrè pẹ̀lú ọmọ ìjọ tí kò tó nǹkan.

Ó dà bí ẹni pé gbogbo odò wọ̀nyí yóò pàdé, ṣùgbọ́n wọn kò pàdé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1931, òun àti àwọn aṣáájú Faith Tabernacle jókòó ní Èkó láti yẹ ọ̀rọ̀ ara wọn wò. Wọ́n bi í nípa àwọn orúkọ mímọ́ àjèjì tí ó ní a fi hàn òun, nípa títú àṣírí àwọn àjẹ́, àti nípa ìkóbìnrinjọ tí ó gbà láàyè, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣe. Wọn kò fohùn ṣọ̀kan, kálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Títí di òní, àwọn onígbàgbọ́ mìíràn kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí nǹkan wọ̀nyí, kò sì yẹ kí ẹni tí ń sọ ìtàn rẹ̀ fi wọ́n pamọ́.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí ọ̀pọ̀ ìjọ ti jẹ nínú oúnjẹ tí òun àti àwọn Aládùúrà ẹgbẹ́ rẹ̀ sè: orin. Lásìkò yẹn, orin Gẹ̀ẹ́sì tí a túmọ̀ ni ó gbilẹ̀ jù nínú ilé ìsìn. Èdè wa sì ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ yóò dàrú lẹ́nu akọrin. Àwọn kan ti rí i ṣáájú, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin ìyìn sí ohùn Yorùbá, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní ọdún 1922. Àwọn Aládùúrà wá ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu. Ìlù wọlé, àtẹ́wọ́ wọlé, ijó wọlé, orin tí a gbà nínú ìran náà sì wọlé. Ìyá arúgbó tí kò lè ka ìwé lè gbe orin, kí gbogbo ìjọ sì gbà á.

Ní ọdún 1937 ni Òṣítẹ̀lú dá àjọ̀dún Òkè Taborar sílẹ̀, ó ní nípa ìfihàn ni. Orúkọ náà rán wa létí òkè Tábórì, tí àwọn baba ìjọ àtijọ́ sọ pé orí rẹ̀ ni Jésù ti paradà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé Ìhìnrere kò dárúkọ òkè náà. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́tàlá ni, ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ sì ni òpin rẹ̀. Ẹni tí yóò dé ibi mímọ́ náà yóò bọ́ bàtà. Olówó àti tálákà yóò jọ wọ aṣọ funfun. Wọn yóò jọ ṣe àìsùn, wọn yóò kọrin, wọn yóò jẹ́ ẹ̀jẹ́, wọn yóò sì gba ìbùkún. Ẹni tí a lé kúrò nínú ilé ti wá rí òkè tí ó gba gbogbo ènìyàn.

Àgọ́ náà gbòòrò. Ní ọdún 1947, àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀, Adélékè Adéjọbí àti Ọdúwọlé, gbé iṣẹ́ náà dé Sierra Leone àti Liberia. Ó dé Gánà ní ọdún 1953, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1964. Bí oṣù Kẹjọ bá dé, àwọn tí kò lè wá sí Ògèrè á wá òkè tàbí ìta gbangba ní ibi tí wọ́n wà, wọn a sì ṣe Taborar níbẹ̀. Òṣítẹ̀lú fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 1966. Ní ọdún 1975, ìgbìmọ̀ àwọn ìjọ ní àgbáyé gba ìjọ tí ó dá sílẹ̀ wọlé. Ẹni tí ìjọ kan dá dúró ní abúlé, àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá àwọn ìjọ àgbáyé jókòó.

Ẹ̀yin ará, ẹ rántí pé nígbà tí Pétérù rí ògo lórí òkè, ó fẹ́ pa àgọ́ mẹ́ta kí wọ́n lè máa gbé ibẹ̀. Olúwa kò gbà fún un. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, ní ìsàlẹ̀ òkè náà sì ni bàbá kan ti dúró pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tí ó ń ṣàìsàn. Bẹ́ẹ̀ ni pẹ̀lú àgọ́ ọjọ́ mẹ́tàlá. Kì í ṣe ilé. A óò ká ẹní, a óò sì padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, sí Ṣágámù, sí Èkó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bá ọ̀rẹ́ yín lọ sí àgọ́ orin lọ́dọọdún, ní ìjọ yòówù kí ẹ wà, ẹ kọrin dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fi orin náà sílẹ̀ lórí òkè. Ẹnì kan ń dúró dè yín ní ìsàlẹ̀.