Bill Bowerman: Olùkọ́ni Eré Sísá Tó Di Aránbàtà

Ẹni tí ó bá dé ọjà lónìí láti ra bàtà eré sísá yóò rí i pé owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti pinnu láti máa sáré jẹ́jẹ́ ní ìdájí fún ìlera ara, tí owó bàtà sì dá wọn dúró kí wọ́n tó jáde nílé. Nítorí irú wọn, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí iṣẹ́ oòjọ́ gbé lọ sí òkè Ọya àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, ni a ṣe mú ìtàn ìgbésí ayé Bill Bowerman wá. Ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú àwọn méjì tí ó dá ilé-iṣẹ́ bàtà Nike sílẹ̀, síbẹ̀ òun kan náà ni ó kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà pé kò di dandan kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ eré náwó nára sórí bàtà.

Ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1911 ni a bí i ní ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Bàbá rẹ̀ ti ṣe adelé gómìnà ìpínlẹ̀ náà rí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà gbé dàgbà. Ó kàwé ní Yunifásítì Oregon tí ó wà ní ìlú Eugene, ó ṣe olùkọ́ ilé ìwé girama ní Medford, ó sì bá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà jà ní ilẹ̀ Ítálì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1948, ó padà sí yunifásítì rẹ̀ láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré sísá. Iṣẹ́ yìí ni ó ṣe fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn ọmọ rẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní láàrin gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà: ní ọdún 1962, 1964, 1965 àti 1970.

Ohun kan wà tí kò jẹ́ kí ọkàn Bowerman balẹ̀: bàtà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọ̀ wúwo jù. Ó mọ̀ pé bí a bá dín ìwúwo bàtà kù díẹ̀, ẹrù tí ẹsẹ̀ ń gbé sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin yóò dín kù lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó kọ ìwé sí àwọn ilé-iṣẹ́ bàtà, wọn kò kà á sí. Bí ó ti di pé ó lọ kọ́ iṣẹ́ bàtà rírán nìyẹn. A fi ẹsẹ̀ ọmọ lé orí ìwé, a yí i po, a sì gé awọ ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀. Phil Knight, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dán bàtà àfọwọ́rán yìí wò. Bowerman kò rán bàtà kan fún gbogbo ẹsẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1962, ó rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ New Zealand láti kí Arthur Lydiard, ògbóǹtarìgì olùkọ́ni eré sísá. Lydiard mú un lọ bá tọkùnrin tobìnrin, tèwe tàgbà, tí wọ́n máa ń sáré jẹ́jẹ́ papọ̀ ní ìlú Auckland. Ẹni ọdún 51 ni Bowerman nígbà náà, ó sì gbà pé ara òun le, nítorí eré sísá ni iṣẹ́ òun. Kò pẹ́ tí èémí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bàbá arúgbó kan tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí àrùn ọkàn sì ti kọlù rí, ni ó dẹ ẹsẹ̀ dúró dè é, tí ó bá a lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí wọ́n fi parí eré. Ojú ti olùkọ́ni náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sáré jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́ títí tí ó fi kúrò ní New Zealand, ikùn rẹ̀ sì fà.

Nígbà tí ó padà sí Eugene ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1963, ó pe àwọn ará ìlú kí wọ́n wá máa sáré ní pápá yunifásítì. Èrò ya bò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sáré mọ́ láti ìgbà èwe, ẹ̀rù sì ba Bowerman kí ẹnìkan má lọ ṣubú lulẹ̀ kú. Ó dá eré náà dúró ná, ó sì tọ Waldo Harris lọ, dókítà tí ń tọ́jú àrùn ọkàn, kí àwọn méjèèjì jọ wádìí bí àgbàlagbà ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láìfi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Láti inú ìwádìí yìí ni ìwé wọn tí ń jẹ́ Jogging ti jáde ní ọdún 1967, tí ó sì tà káàkiri Amẹ́ríkà. Ohun tí ìwé náà kọ́ni kò le: rìn díẹ̀, sáré díẹ̀, sáré ní ìwọ̀n tí o ṣì lè fi bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ sọ̀rọ̀, bí òní bá le, jẹ́ kí ọ̀la rọrùn. Ní ti bàtà, wọ́n ní èyí tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà tàbí tí ó ń wọ̀ káàkiri ilé lè tó o bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó kọ èyí kì í ṣe aláìmọ̀ nípa òwò bàtà. Ní ọdún 1964, òun àti Phil Knight ti dá 500 dọ́là ẹnìkọ̀ọ̀kan láti máa kó bàtà wọlé láti ilẹ̀ Japan, nítorí Knight ti rí i pé ó ṣeé tà ní owó pọ́ọ́kú ju bàtà ilẹ̀ Jámánì lọ. Nígbà tí egungun ẹsẹ̀ Kenny Moore, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, sán, Bowerman fa bàtà ọmọ náà ya láti mọ ohun tí ó fà á. Ó rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gbé ẹsẹ̀ ró, ó sì ṣe òmíràn tí ó ní tìmùtìmù láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka. Ní ọdún 1971, ó da rọ́bà sínú irin tí Barbara ìyàwó rẹ̀ fi ń yan àkàrà òyìnbó oníhò-hò. Irin náà bàjẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ìsàlẹ̀ bàtà tí ó fúyẹ́ tí ó sì ń di ilẹ̀ mú ti bẹ̀rẹ̀.

Ó san owó iṣẹ́ yìí lára. Inú yàrá kékeré ni ó ti máa ń lo gọ́ọ̀mù olóró láti lẹ bàtà, oró náà sì ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ọkùnrin tí ó kọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní eré jẹ́jẹ́ wá di ẹni tí ń tiro, tí kò lè sáré mọ́. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1999 ni ó kú ní ìlú Fossil, ní ẹni ọdún 88.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ wúlò fún yín. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ara bàtà tàn yín. Ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Ẹ wọ ẹsẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ sì rìn káàkiri. Kí àyè bí ìbú àtàǹpàkò kù níwájú ọmọ ìka tí ó gùn jù, kí gìgísẹ̀ má sì máa yọ. Bí ó bá jẹ́ òkìrìkà ni agbára yín ká, kò burú: ẹ yí i padà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ó ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí tìmùtìmù rẹ̀ ti gan bí igi, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí èyí tí ó bá ẹsẹ̀ yín mu, ẹ wọ̀ ọ́ jáde ní ìdájí ọ̀la, kí ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ sì sáré díẹ̀.