Willo Welzenbach: Akọni tó fi ọ̀nà òkè yìnyín han ayé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí fún Willo Welzenbach, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí òkìkí rẹ̀ kàn láàrin ogun àgbáyé kìíní àti ìkejì nítorí òkè gígùn. Orí òkè ló ti gba iyì, orí òkè náà ló sì kú sí.

Ìlú Munich ni wọ́n bí i sí. Ẹnjiníà ni, ìjọba ìlú náà ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Òkè gígùn kọ́ ló ń fi jẹun. Ìgbà ìsinmi ló máa ń lọ. Síbẹ̀, kì í ṣe agídí lásán ló fi ń gun òkè. Ìwádìí tó ṣe lórí bí òjò dídì ṣe ń kó jọ sórí òkè àti bó ṣe ń ya lulẹ̀ ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Kó tó dé, àáké ni àwọn tó ń gun òkè fi ń gbẹ́ àtẹ̀gùn sára yìnyín. Bí wọ́n bá dé ibi tó dúró ṣánṣán bí ògiri, ẹ̀yìn ni wọ́n ń pa dà sí. Ní oṣù keje ọdún 1924, òun àti Fritz Rigele kan irin gígùn mọ́ yìnyín lára òkè Wiesbachhorn ní Austria, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n sì gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí dé òkè.

Lẹ́yìn èyí ló gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tó pín ìṣòro òkè gígùn sí ìpele 6. Ìpele kìíní rọrùn. Ìpele kẹfà ni ibi tí agbára èèyàn pin sí. Tẹ́lẹ̀, ibi tí ẹnì kan pè ní líle lè jẹ́ eré lójú ẹlòmíràn, aláìmọ̀kan sì lè tipa bẹ́ẹ̀ kó sínú ewu. Orí òṣùwọ̀n yìí ni àjọ àwọn agunkè lágbàáyé kọ́ tiwọn lé ní ọdún 1968.

Nígbà tó yá, àìsàn mú kí apá rẹ̀ kan le, kò ṣeé tẹ̀ dáadáa mọ́. Èyí kò dá a dúró. Láàrin ọdún 1930 sí 1933, ó gun ọ̀pọ̀ ògiri yìnyín ní Switzerland tí ẹnikẹ́ni kò gùn rí. Ní 1931, òun àti Willy Merkl gun ìhà àríwá òkè Grands Charmoz ní ilẹ̀ Faransé. Ìjì ká wọn mọ́ ara òkè, ṣùgbọ́n wọ́n yè é.

Òkè Nanga Parbat, tó ga tó mítà 8,126, ló wà lọ́kàn rẹ̀ jù. India tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni òkè náà wà nígbà náà. Pakistan ló ń ṣàkóso rẹ̀ lónìí. Welzenbach ló kọ́kọ́ gbèrò ìrìn àjò náà, àmọ́ iṣẹ́ kò jẹ́ kó lè lọ ní 1932. Merkl ló kó èèyàn lọ, wọn kò sì dé òkè.

Ní 1934, àwọn méjèèjì jọ lọ, Merkl sì ni olórí. Hitler ti gorí àlééfà nígbà náà, ìjọba rẹ̀ sì ń fẹ́ ògo tí wọ́n máa gbé han ayé. Nínú lẹ́tà tí Welzenbach kọ sílé, ó ṣàròyé pé Merkl kì í gba ìmọ̀ràn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà oṣù keje, ọmọ Jámánì àti Austria márùn-ún pẹ̀lú àwọn Sherpa 11 tó ń bá wọn gbé ẹrù ti jọ pàgọ́ sókè téńté. Oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ wọn kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni àgọ́ tó wà nísàlẹ̀ wọn kò ní ẹni tó lè tètè gbà wọ́n là.

Ìjì dé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn méjì nínú wọn, Aschenbrenner àti Schneider, ṣáájú, wọ́n sì là á já. Àwọn yòókù há sójú ọ̀nà. Uli Wieland ló kọ́kọ́ kú lára àwọn aláwọ̀ funfun tó há. Ní ọjọ́ kẹwàá, Welzenbach kọ lẹ́tà láti inú àgọ́ keje pé àìsàn ti dá òun àti Merkl wólẹ̀, pé ọjọ́ mẹ́fà rèé tí wọn kò ti jẹ oúnjẹ gbígbóná, kí wọ́n tètè wá gbà wọ́n. Lẹ́tà náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó kọ ọ́ sí. Òru ọjọ́ kejìlá mọ́jú ọjọ́ kẹtàlá ló dákẹ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún 35.

Merkl kú lẹ́yìn rẹ̀. Sherpa kan tó ń jẹ́ Gaylay kò fi í sílẹ̀, wọ́n sì jọ kú ni. Ang Tsering ló ra kálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ tó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1938 ni wọ́n tó rí òkú Merkl àti ti Gaylay, lẹ́tà Welzenbach sì wà lára Merkl.

Èèyàn mẹ́wàá ni ìrìn àjò náà gba ẹ̀mí wọn: ọmọ Jámánì mẹ́rin àti Sherpa mẹ́fà. Ní ọdún 1953 ni Hermann Buhl, ọmọ Austria, tó dé orí òkè náà. Karl Herrligkoffer, àbúrò Merkl, ló darí ìrìn àjò ọ̀hún.

Welzenbach mọ bí a ṣe ń wọn ewu ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀nà kò bá ní àṣẹ, tí ẹni tó ní àṣẹ kò sì fetí sílẹ̀, ìmọ̀ nìkan kò lè gbani. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.