Alan Turing, Ẹni Tí Ó Tú Àrokò Ogun

Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹfà, ọdún 1912, ni a bí Alan Turing ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn ìṣirò. Ní 1931, ó wọ Yunifásítì Cambridge. Ní 1936, ó kọ ìwé kan tí ó fi ṣàlàyé bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe lè ṣe oríṣìíríṣìí ìṣirò, bí a bá ti kọ àṣẹ tí yóò tẹ̀ lé fún un. Èrò yìí wà lára ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà òde òní.

Ní 1939, Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ní ẹ̀rọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Enigma. Ẹ̀rọ yìí a máa pa lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ wọn dà, tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dà bí àrokò. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yí bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ náà padà. Ọkọ̀ abẹ́ omi wọn sì ń ri àwọn ọkọ̀ tí ó ń kó oúnjẹ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Pólàǹdì ni ó kọ́kọ́ rí ìdí Enigma, wọ́n sì fi ìmọ̀ wọn han àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní Bletchley Park, Turing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tí ó ń yára wá bí àwọn ọ̀tá ṣe to Enigma. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ọ̀tá lúgọ sí, tí àwọn ọkọ̀ wọn sì ń gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni iṣẹ́ yìí gbà là.

Àṣírí ni iṣẹ́ náà. Turing kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹbí tàbí ọ̀rẹ́. Ní 1952, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ti fagi lé báyìí, iṣẹ́ àṣírí sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 7, oṣù kẹfà, ọdún 1954, ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe lóore kò mọ orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn 1970 ni ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ tó tàn káàkiri. Ní 2013, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fún un ní ìdáríjì. Ní 2021, wọ́n ya àwòrán Turing sí ara owó oníwèé 50 pọ́n-ùn. Òótọ́ ni pé oore kì í gbé.

Ìbéèrè
1. Kí ni iṣẹ́ ẹ̀rọ Enigma?
2. Àwọn wo ni ó kọ́kọ́ rí ìdí rẹ̀?
3. Kí ni ìdí tí àwọn ènìyàn kò fi tètè mọ iṣẹ́ Turing?