Toussaint Louverture: ọmọ ẹrú tí kò jẹ́ kí wọ́n gba òmìnira padà

Ẹ̀yin ará Kétu nílé lóko, Toussaint Louverture tí ère rẹ̀ wà ní Allada la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Wọ́n ní Allada ni wọ́n ti kó bàbá rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Saint-Domingue, ìyẹn Haiti. Wọ́n kó Nàgó, èèyàn tiwa, náà lọ. Títí dòní, orúkọ Nàgó àti Ògún kò kúrò nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn.

Ní 1789, ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun ní Faransé kéde pé ọgbọọgba ni wọ́n bí gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú ṣì ń gé ìrèké lábẹ́ pàṣán. Ní 1791, wọ́n dìde. Toussaint, tó ti gbòmìnira tẹ́lẹ̀, bá wọn dìde, ó sì kọ́kọ́ jà fún Sípéènì. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1794, Paris fòfin de oko ẹrú. Ọdún yẹn náà ló dara pọ̀ mọ́ Faransé, ó di ọ̀gágun, ó di gómìnà.

Ní 1802, Napoléon fẹ́ dá ẹrú padà. Wọ́n tan Toussaint, wọ́n mú un lọ sẹ́wọ̀n nínú òtútù Fort de Joux, ibẹ̀ ló kú sí ní 1803. Àwọn èèyàn rẹ̀ ò dáwọ́ ìjà dúró. Haiti gbòmìnira ní 1804.

Ṣebí Faransé kan náà ló fi àwọn bàbá wa ṣiṣẹ́ túláàsì títí di 1946? Ìwé òfin nìkan ò tó, àfi ká máa ṣọ́ ọ.