NANA ASMA'U: OLÙKỌ́ ÀWỌN ỌMỌ WẸ́WẸ́ ÀTI ÀWỌN ÌYÁ WỌN

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá. Ní àwọn ilé-kéwú wa ní Ìníṣà àti àyíká rẹ̀, bí a bá ń wá ẹni tí yóò ṣe tafusíírì fún àwọn àgbà, ọwọ́ a máa pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ẹnì kan jókòó ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe álífù, tí wọ́n ń sunkún, tí ikun ń yọ nímú wọn, oníkálukú a máa wojú ẹnìkejì rẹ̀. A rò pé iṣẹ́ ẹni tí kéwú rẹ̀ kò jinlẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ rán ara wa létí ìgbésí ayé Nana Asma'u.

Ọdún 1793 ni wọ́n bí i ní Degel, ní ilẹ̀ Gobir, lókè Ọya. Shehu Usman dan Fodio ni bàbá rẹ̀. Ìbejì ni: Hassan ni orúkọ èkejì rẹ̀ ọkùnrin. Ní ti àṣà Hausa, Hussaina ni ìbá jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ ní Asma'u, orúkọ tí ọmọ Sàyídínà Abúbákárì jẹ́.

Nínú ilé náà, wọn kì í fi ìmọ̀ du obìnrin. Shehu a máa bá àwọn ọkùnrin tí ó fi ìyàwó àti ọmọbìnrin wọn sílẹ̀ sínú àìmọ̀ wí kíkankíkan. Asma'u kọ́ Àlùkùránì àti fíkì, ó sì ń kọ ewì ní èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Hausa. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ṣẹ́kù títí di òní lé ní 60.

Ní 1804, nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 11, ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe hìjírà láti Degel lọ sí Gudu. Ogun sì tẹ̀lé e. Ní 1807 ó fẹ́ Gidado dan Laima. Nígbà tí Muhammad Bello, ẹ̀gbọ́n Asma'u, jọba ní Ṣókótó ní 1817, Gidado ni Wàsíírì rẹ̀. Ìyàwó Wàsíírì, ọmọ Shehu, àbúrò ọba: bí ó bá wù ú, ó lè jókòó jẹun kí ó má ṣe nǹkan kan.

Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ogun ti tú ọ̀pọ̀ obìnrin ká, ó sì ti sọ òmíràn di ẹrú. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ bí a ti ń ṣe àlùwàlá, débi tí wọn yóò fi kọ́ ọmọ wọn. Asma'u rí i pé bí ìyá kò bá mọ̀, ọmọ kò ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1830, ó dá ẹgbẹ́ 'Yan Taru sílẹ̀. Ìyá tí ó ń tọ́mọ lọ́wọ́ kò lè rin ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti kọjá ọmọ bíbí àti àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tí kò tíì tó ọkọ ni wọ́n ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti abúlé. Ohun tí wọ́n bá kọ́, wọn a gbé e lọ bá ìyálọ́mọ nílé. Kí ọmọ tó di wàláà mú, ó ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Jàjí ni wọ́n ń pe ìyá tí ó ń ṣíwájú wọn. Asma'u a máa fún un ní malfa, fìlà koríko tí wọ́n so ọ̀já pupa mọ́. Ohun oyè olórí àwọn obìnrin abọ̀rìṣà bòrí ni irú fìlà yìí tẹ́lẹ̀ ní Gobir. Asma'u gbà á, ó fi dé orí olùkọ́.

Ìwé kò pọ̀ nígbà náà, nítorí náà orin ni ó fi ń kọ́ wọn. Ó to orúkọ gbogbo súrà Àlùkùránì sínú ewì kan kí ó lè rọrùn láti há sórí. Ó yí àwọn ewì bàbá rẹ̀ tí ó wà ní èdè Fúlàní sí Hausa, kí àwọn mẹ̀kúnnù lè gbọ́ ọ. Ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ Hausa tí ó túmọ̀ sí orin ni wákà tí àwọn ìyá wa ń kọ.

Ní àgbègbè wa yìí, ogun ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa fi mọ àwọn ará òkè. Àwọn ọmọ ogun Ìlọrin wà nínú ogun Jálumi tí wọ́n jà ní Ìkirun ní 1878. Ṣùgbọ́n ogun ti lọ, kéwú àti wákà ni ó kù.

Asma'u jáde láyé ní 1864. Àbúrò rẹ̀, Maryam, sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ẹgbẹ́ 'Yan Taru kò parun títí di òní.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìmọ̀ kì í ṣe tiyín. Ẹ̀yin arákùnrin, ẹ má ṣe kó ìtìjú bá ara yín nípa sísá fún ẹní àwọn ọmọdé. Ẹni tí ó mọ èdè mẹ́ta, tí ó bí ewì lé ní 60, kò ka kíkọ́ ọmọ kékeré sí ìrẹ̀sílẹ̀. Ta wá ni àwa?

Kí Ọlọ́hun fi Alùjánnà kẹ́ Nana Asma'u, kí Ó má sì sọ ìmọ̀ wa di ẹlẹ́rìí takò wá. Àmín.