Àìná Òkè-Ọ̀dàn àti Captain Davies: Tọkọtaya Tí Wọ́n Fi Òkun Ṣe Ọ̀nà

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ó dára kí á máa rántí àwọn tó ti ṣáájú wa lọ, kí àwọn ọmọ wa lè mọ ibi tí ayé ti ń bọ̀. Ìtàn tọkọtaya kan la mú wá. CMS Grammar School tó wà ní Bàrígà kì í ṣe àjèjì sí àwa ará Fádèyí, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé owó ọkọ obìnrin yìí wà nínú ìpìlẹ̀ ilé-ìwé náà.

Nǹkan bí ọdún 1843 ni wọ́n bí Àìná ní Òkè-Ọ̀dàn, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí à ń pè ní Yewa lónìí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé là ń pè ní Àìná. Ní ọdún 1848, ogun Dahomey wọ ìlú náà. Wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó òun lẹ́rú lọ sí Àgbómè, olú ìlú Ọba Ghezo. Ó tó bí ọdún méjì tó fi wà níbẹ̀. Ní ọdún 1850, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, lọ bá Ghezo pé kó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ọba kò gbà. Níbẹ̀ ni Forbes ti rí i pé ọmọ yìí wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ fi rúbọ. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀, Ghezo sì fi ọmọ náà ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Ẹ gbọ́ o, ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi tọrẹ bí ẹni fi àgbò tọrẹ! Bonetta ni orúkọ ọkọ̀ Forbes, ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi di Sarah Forbes Bonetta. Orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ọkọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá tó bí i kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá, ọdún 1850, ni ó fojú kan Ọbabìnrin ní ààfin Windsor. Ọbabìnrin fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé orí ọmọ náà pé, ó sì gba owó ìtọ́jú rẹ̀ rù. Ṣùgbọ́n òtútù Ìlú Ọba kò bá a lára mu, ikọ́ sì ń dà á láàmú. Nítorí náà, ní ọdún 1851, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin CMS ní Freetown, ní Sàró. Nígbà tó di ọdún 1855, wọ́n tún ní kó máa bọ̀. Gillingham ní ẹkùn Kent ló wá ń gbé, lọ́dọ̀ ìdílé Reverend Schön, ẹni tó bá Àjàyí Crowther wọ ọkọ̀ lọ sí odò Ọya ní ọdún 1841. Láti ibẹ̀ ló ti máa ń lọ kí Ọbabìnrin, ó sì wà níbi ìgbéyàwó àkọ́bí Ọbabìnrin ní oṣù kìíní, ọdún 1858.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọkọ rẹ̀. Ọmọ Sàró ni James Pinson Labulo Davies, Yorùbá sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó ń lé àwọn olówò ẹrú. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn sí Èkó ní ọdún 1851, ó sì fara gbọgbẹ́. Lẹ́yìn náà ló di ọ̀gá ọkọ̀ òwò, tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní ọdún 1856. Nígbà tí Reverend Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Crowther, dá Grammar School sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, ọdún 1859, Davies ló yọ £100 sílẹ̀ fún ìwé àti ohun èlò. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún gééré, ní 1959, ni ilé-ìwé náà kó wá sí Bàrígà. Ìyàwó tí Davies kọ́kọ́ fẹ́ kú ní ọdún 1860, ló bá ń wá ẹni tí yóò fẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Nígbà tí Davies bẹ̀rẹ̀ sí tọrọ Sarah, ọmọbìnrin náà kọ̀. Kì í ṣe pé ó kórìíra ọkùnrin náà, ọkàn rẹ̀ ni kò fà sí i. Àwọn tó ń tọ́ ọ rí i pé ọkọ gidi ni, olówó ni, onígbàgbọ́ ni. Wọ́n mú Sarah kúrò nílé tó ti mọ̀, wọ́n fi í sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ní Brighton kó lọ ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó gbà. Àwa tí a ń fi ọmọ fọ́kọ, ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ọmọ tí wọ́n ti ń gbé kiri láti kékeré, ṣé ó lè rọrùn fún un láti sọ pé rárá?

Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, ọdún 1862, ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Nicholas, Brighton. Ọmọbìnrin 16 ló tẹ̀lé ìyàwó. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tò lọ rẹrẹ, dúdú àti funfun jọ jókòó pọ̀, èrò sì ya wá wòran. Nínú ìwé ìgbéyàwó, orúkọ tí wọ́n fi pè é nílé kò gbẹ́yìn, ó kọ Ina mọ́ Sarah. Ní oṣù kẹsàn-án, tọkọtaya náà lọ ya fọ́tò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọ̀ Camille Silvy. Fọ́tò náà wà ní National Portrait Gallery títí dòní.

Láti Brighton, wọ́n gba Freetown, wọ́n wá dé Èkó. Ní ọdún 1863 wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Wọ́n fi Victoria sọ ọ́, Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ni ìyá ìsàmì rẹ̀, ó sì fi ife wúrà ránṣẹ́. Òwò ń gbé Captain lọ, ó ń gbé e bọ̀. Ní ọdún 1867 Sarah gbé ọmọ náà lọ sí Ìlú Ọba kí Ọbabìnrin lè rí i. Láyé ìgbà yẹn, wọn kò mọ bàlúù, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni ènìyàn fi ń wà lójú òkun. Wọ́n tún bí Arthur ní ọdún 1871, àti Stella ní ọdún 1873.

Ṣùgbọ́n ayé kì í lọ gbọọrọ. Òwò Captain dojú rú, gbèsè wọlé dé. Lásìkò yẹn náà ni ikọ́ Sarah tún gbérí, ó sì di ikọ́ ife. Wọ́n ní kó lọ gba afẹ́fẹ́ ní erékùṣù Madeira. Níbẹ̀, ní ìlú Funchal, ló kú sí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọdún 1880, ọ̀la ọjọ́ tí ìgbéyàwó wọn pé ọdún 18. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin ni ọmọ rẹ̀ Victoria forí lé nígbà tí ìròyìn náà bá a.

Captain kò jókòó sunkún lásán. Ó ti rí irúgbìn kòkó gbà nínú ọkọ̀ Brazil àti láti Fernando Po, ó sì fi dá oko sí Ìjọn, lápá Agége. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó nílẹ̀ wa, kòkó tó padà rán ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá níṣẹ́ ìwé. Nínú oko yẹn ló gbé òkúta gíga kan nàró fún ìrántí ìyàwó rẹ̀, nítorí pé ibojì rẹ̀ jìnnà réré. Òun náà sùn ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin, ọdún 1906.

Èso wọn kò parun. Victoria fẹ́ Dókítà John Randle ní ọdún 1890. Láti ìdí Stella ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ti ṣẹ̀ wá, ẹni tó dá aláìsàn Ẹ̀bólà dúró ní Èkó ní ọdún 2014, tó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Ẹ wò ó bí Ọlọ́run ti ń ṣiṣẹ́: ọmọ tí wọ́n fẹ́ pa ní Àgbómè, láti ara rẹ̀ lẹni tó gba Èkó sílẹ̀ ti jáde.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ yín sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kí ẹ má béèrè bó ṣe ń sùn àti bó ṣe ń jí. Bí ó bá ń wúkọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá ní ọ̀rọ̀ sọ lórí ìgbéyàwó, ẹ gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tọkọtaya tí iṣẹ́ ń gbé lọ sókè òkun, ẹ máa rántí ara yín. Kí Olúwa dá gbogbo arìnrìn-àjò wa padà sílé láyọ̀, kí á sì tún pàdé ní àjọ̀dún ọdún tí ń bọ̀. Àmín.